Òkú Onílù Tò Sórí Ìlà

Mo ti kú láti ọdún 1994, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi títí di Sátidé kan nínú oṣù keje ọdún tó kọjá, nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ́kọ́ọ̀dù kan ní Nipponbashi. Ẹni tó sọ fún mi kò tilẹ̀ bá mi kẹ́dùn. Ó ní kí n kúrò lójú ọ̀nà, pé èrò ń bẹ lẹ́yìn mi.

Orúkọ mi ni Ikejima Tamotsu. Èmi ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi Donguri ní Amagasaki. Láràárọ̀ ni mò ń dúró lẹ́nu géètì, tí mò ń tẹrí ba fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin tí kò mọ imú fọn. Àwọn ìyá wọn mọ̀ mí sí ẹni jẹ́jẹ́. Wọn kò mọ̀ pé nígbà tí mo wà lọ́mọ ogún ọdún, èmi ni mò ń lu ìlù fún ẹgbẹ́ Kasabuta, ìyẹn èépá ojú egbò, àti pé a ṣe àwo orin kan ṣoṣo tí à ń pè ní Àsè Ìdin. Àwòrán tó wà lára àpò àwo náà jẹ́ ti ọkùnrin kan tó fi ìfun ara rẹ̀ so táì mọ́rùn. Dẹ́ẹ̀tì mẹ́tà ni wọ́n ń pe irú orin bẹ́ẹ̀. Ìlù á máa sáré bí ẹni tí oyin ń lé, gìtá á máa kùn bí ẹ̀rọ ìlọta, akọrin á sì máa bú ramúramù bí ẹni tí egungun ẹja há sí lọ́fun. Bí ìyá ọmọ kan bá gbọ́ ọ, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn.

Akọrin wa ni Tsukuda Masanori, tí gbogbo wa ń pè ní Masa. Láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ la ti jọ ń bọ̀. Ọtí jẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ tán, ó sì kú lóṣù kẹrin, nígbà tí òdòdó sàkúrà ń rẹ̀ dànù. A sun ún, a kó eegun rẹ̀ sínú ìkòkò, mo sì padà sẹ́nu géètì mi. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Nígbà tí òjò oṣù kẹfà ń rọ̀, ìyá rẹ̀ pè mí lórí fóònù. Màmá Tsukuda ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n bó bá pè ọ́, wàá dìde dúró kó o tó dáhùn.

"Tamotsu, ọdún Bon ń bọ̀ o. Àkọ́kọ́ tí Masanori máa bá àwọn òkú yòókù wálé nìyí. Mo ti fọ pẹpẹ, mo ti ra bíà tó fẹ́ràn. Ṣùgbọ́n mi ò rántí ohùn rẹ̀ mọ́."

"Mọ́mì, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Kò tíì pẹ́ tó lọ."

"Ṣé mo ní ó ti pẹ́ ni? Ojú rẹ̀ ni mò ń rí. Ẹnu rẹ̀ á là, ohùn kankan ò ní jáde, bíi tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n pa ohùn rẹ̀. Ọmọ tí mo bí á wálé, á máa pè mí, mi ò ní mọ̀ pé òun ni. Ṣé ìyà tó tọ́ sí mi nìyẹn?"

Masa kì í gbà kí ẹnikẹ́ni gba ohùn òun sílẹ̀. Níbi ìgbéyàwó mi pàápàá, nígbà tí kámẹ́rà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ńṣe ló fi sushi di ara rẹ̀ lẹ́nu. Ibì kan ṣoṣo tí ohùn rẹ̀ kù sí láyé ni Àsè Ìdin.

Ibo la ti fẹ́ rí Àsè Ìdin? Tèmi fọ́ nígbà tí ìsẹ̀lẹ̀ ọdún 1995 wó ilé bàbá mi. Ti Masa, ìyá rẹ̀ ló dà á nù fúnra rẹ̀. Ọjọ́ tó rí ọkùnrin oníìfun yẹn, ńṣe ló gbé e lọ síbi tí àdúgbò ń kó ìdọ̀tí sí. Ó ṣe é láìwo ọjọ́, bẹ́ẹ̀ irú ìdọ̀tí kọ̀ọ̀kan ló ní ọjọ́ tí wọ́n ń kó o. Ọjọ́ ìgò òfìfo ni ọjọ́ náà, kì í ṣe ọjọ́ ohun tí wọ́n ń sun. Àwọn alábòójútó àdúgbò lẹ ìwé pupa mọ́ ọn lára, wọ́n dá a padà sẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀, ìfun sókè, kí gbogbo ojúlé lè rí i. Ìtìjú yẹn ju ti orin lọ lójú Màmá. Ó dúró de ọjọ́ tó yẹ, ó gé e wẹ́wẹ́, ó sì tún un gbé síta.

Ìwọ̀nba àwo tó ṣẹ́ kù wà lọ́wọ́ àwọn tó ń kó irú rẹ̀ jọ. Owó tí wọ́n ń pè é tó ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ahun sì ni wọ́n, wọn ò gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ẹlòmíràn má bàa fetí jẹ nínú ohun tí àwọn fowó rà.

Orí wá bá wa ṣe é, ọmọkùnrin kan ní Kobe, tó ń fi yàrá ìdáná rẹ̀ ṣe iléeṣẹ́ àwo orin, fẹ́ ṣe àtúntẹ̀ rẹ̀. Ọ̀ọ́dúnrún péré ni, nọ́ńbà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò ní tún tẹ̀ ẹ́ mọ́ láéláé. Masa ló fọwọ́ sí i kó tó kú. Ọmọ náà fẹ́ fún un ní díẹ̀ nínú àwo náà bó bá jáde, Masa ní kó máa gbé ọtí bọ̀ dípò rẹ̀, ó sì mu ún tán kí àwo tó jáde. Mo pe ọmọ náà, mo ní èmi ni onílù Kasabuta, kó jọ̀ọ́ tọ́jú ẹyọ kan dè mí. Ó rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ ṣe onílù kẹrin tó pè mí lóṣù yìí. Ẹ lọ tò sórí ìlà ní ṣọ́ọ̀bù Nagumo tó máa tà á, bíi gbogbo ayé."

Ó gé fóònù. Mo ní ọmọ yìí kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé rárá.

Bí mo ṣe dé Nipponbashi láàárọ̀ Sátidé nìyẹn, nínú ooru tó lè se ẹyin. Ṣọ́ọ̀bù Nagumo wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, lórí ilé àwọn tó ń din takoyaki, àkàrà róbótó tí wọ́n fi ẹja ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ sí nínú. Ìlà ti sọ̀ kalẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn dé títì. Gbogbo wọn ló wọ ẹ̀wù dúdú, gbogbo wọn ló sì ti ń pá lórí. Èmi nìkan ni mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, bí ẹni tó wá ka mítà iná.

Níwájú mi ni ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ushiroda, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ omi, ẹni bí ọdún márùndínláàádọ́ta. Ó mú ìyàwó rẹ̀ dání, ó mú ìyá ìyàwó rẹ̀ dání. Màmá náà jókòó sórí àga kékeré tí wọ́n fi ń pẹja, ó ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀, ọkọ ọmọ rẹ̀ sì ń kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ bí ẹni tó fẹ́ ṣèdánwò.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká tún un wò. Orin kejì lójú kejì?"

"Ọbẹ̀ Ẹ̀dọ̀fóró."

"Ó dáa. Kí ló dé tí gìtá kan ṣàdédé dákẹ́ láàárín rẹ̀?"

"Okùn rẹ̀ já, kò sówó láti ra òmíràn. Òùngbẹ ń gbẹ mí o."

Mo gé ètè mi jẹ. Kò sí okùn kankan tó já. Ìfun màlúù tí onígìtá wa jẹ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìgbà tí a gba orin náà sílẹ̀ ló yọ ọ́ lẹ́nu, ó ju gìtá sílẹ̀, ó sáré lọ ilé ìyàgbẹ́, àwa sì ń lù lọ nítorí pé wákàtí la fi ń sanwó yàrá.

Ushiroda rí mi pé mò ń gbọ́. Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó tẹjú mọ́ bàtà mi.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé alájàpá ni yín?"

"Kí ló mú yín rò bẹ́ẹ̀?"

"Àwọn ló máa ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á rà á níbí, wọ́n á lọ tà á ní ìlọ́po mẹ́wàá kí ilẹ̀ tó ṣú."

"Èmi kọ́. Mo kàn fẹ́ gbọ́ ọ ni."

Ojú rẹ̀ rọ̀. "Háà, ẹ̀yin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ni! Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ rí i, èèyàn gidi kì í ra ẹyọ kan. Mẹ́ta là ń rà. Ọ̀kan fún etí, ọ̀kan fún àpótí, ọ̀kan fún ìwàásù."

"Ìwàásù kẹ̀?"

"Ẹni tí kò mọ nǹkan kan là ń fún, kó lè rí ìmọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Nagumo ti ní ẹnì kan, àwo kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi kó ilé mi wá."

"Ó ní takoyaki lòun fẹ́ rà fún mi," ìyá ìyàwó rẹ̀ dá sí i. "Òpùrọ́ ni."

Ìyàwó rẹ̀, Chizuru, gbójú sókè. Ó ń wo ojú ọ̀run bí obìnrin tó ti fẹ́ onírúurú èèyàn nínú ọkọ kan ṣoṣo.

Ushiroda tún ṣàlàyé òfin ṣọ́ọ̀bù fún mi. Wàá fa bébà kan nínú àpótí, ìbéèrè kan á wà nínú rẹ̀. Bó o bá gbà á, wọ́n á ta àwo fún ọ. Bó o bá ṣì í, ó di ilé. Bí wọ́n bá sì tà á fún ọ, Nagumo á fi ọ̀bẹ gé ọ̀rá tó wé mọ́ ọn níwájú rẹ, nítorí pé àwo tí ọ̀rá rẹ̀ ti ya kò níyì lójú alájàpá mọ́. Ọ̀rá gígé yìí ni Ushiroda kò fẹ́ràn rárá. Ó ní òun ní àwo tó lé ní irinwó nílé tí òun kò tíì já ọ̀rá wọn rí.

"Báwo lẹ wá ṣe ń gbọ́ wọn?"

Ó wò mí pẹ̀lú àánú.

Nígbà tó yá, ìlà gbé wa wọlé. Nagumo jókòó lẹ́yìn káńtà, ìyá arúgbó tó ti tó àádọ́rin ọdún, okùn ló fi so awò ojú rẹ̀ kọ́rùn, àwòrán eegun agbárí ló sì wà láyà ẹ̀wù rẹ̀. Ó ń mu sìgá tí kò tanná sí. Gbogbo èèyàn ló ń pè ní ọmọ rẹ̀.

Ìyá ìyàwó Ushiroda fa bébà tirẹ̀. Ta ló ya àwòrán ara àpò àwo? "Ọmọkùnrin tó ń ta ẹja ní Sakai," ni màmá dáhùn, kò tilẹ̀ dá abẹ̀bẹ̀ dúró. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Nagumo fa ọ̀bẹ yọ, ó gé ọ̀rá náà, ṣìì. Ushiroda di ojú pọ̀. Chizuru dì í lọ́wọ́ mú bí ìgbà tí wọ́n ń gún ọmọdé lábẹ́rẹ́. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ títí tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi pé.

Ó kàn mí. Mo fa bébà, mo gbé e fún Nagumo. Ọkàn mi balẹ̀. Kí ni wọ́n fẹ́ bi mí nípa Kasabuta tí mi ò ní mọ̀?

"Báwo ni onílù ẹgbẹ́ yìí ṣe kú?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà."

"O ò gbọ́ràn ni? Báwo ni onílù ẹgbẹ́ yìí ṣe kú?"

"Kò kú."

Ẹnì kan lẹ́yìn mi fa èémí bí ẹni tó gbọ́ èébú.

"O ṣì í, ọmọ mi. Kúrò lójú ọ̀nà, èrò ń bẹ lẹ́yìn rẹ."

"Ẹ dúró ná, Màmá. Mo ní kò kú. Mo mọ̀ ọ́n."

Ushiroda tó ti fẹ́ máa lọ padà wá. "Bàbá, ẹ má sọ irú ẹ̀ mọ́. Alùpùpù ló gbé e ṣubú lórí afárá Mukogawa, lóṣù kọkànlá ọdún 1994. Òjò ń rọ̀. Ó ń lọ síbi ìdánrawò. Ọdọọdún là ń gbé òdòdó lọ síbẹ̀."

"Òdòdó?"

"Òdòdó àti kọfí inú agolo. Ó fẹ́ràn kọfí inú agolo."

Láyé mi, mi ò fẹ́ràn kọfí inú agolo. "Ta ló sọ fún yín pé ó kú?"

"Masa fúnra rẹ̀! Lórí ìtàgé! Wọ́n mú onílù tuntun wá, ẹnì kan pariwo láti ìsàlẹ̀ pé ti àtijọ́ dà, Masa ní, 'Ó ti kú.' Ó wà nínú ìwé ìròyìn àwa olólùfẹ́. Àwọn èèyàn sunkún."

Ó wá yé mi. Oṣù kọkànlá ọdún yẹn ni mo fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi. Masa bínú, ó lé ní ọdún kan tí kò bá mi sọ̀rọ̀. Nígbà tí a parí ìjà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Olóògbé. Olóògbé, bu ọtí fún mi. Olóògbé, báwo làwọn ọmọ rẹ? Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lásán ni. Ọmọ burúkú yẹn ti pa mí, ó sì jókòó tì mí fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, ó ń mu ọtí mi, kò sọ fún mi. Inú bí mi, ẹ̀rín sì ń pa mí, ó sì wá ń wù mí kó wà níbẹ̀ kí n lè fọ́ ọ létí.

"Èmi ni onílù náà," mo ní.

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ẹni tó wà lórí àtẹ̀gùn ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Nagumo yọ awò ojú rẹ̀.

"Òkú kẹta tó dé láàárọ̀ yìí nìyí. Ìwọ lo sanra jù nínú wọn."

"Màmá, mi ò purọ́. Lórí àpò àwo, Kòkòrò ni wọ́n kọ pé ó lu ìlù. Èmi ni Kòkòrò."

"Gbogbo wọn ni Kòkòrò, ọmọ mi. Ó dáa, lù ú ká gbọ́."

Ó gbé igi ìjẹun rẹ̀ méjèèjì fún mi, ó ti páálí kan síwájú mi. Kí n sọ òótọ́, láti ọjọ́ tí mo ti kú, tanborínì nìkan ni mo ti lù. Mo bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Mo sáré, ó ń lọ, ẹnì kan tiẹ̀ ní "Héè." Lẹ́yìn náà èémí mi gé, apá mi rọ, ọwọ́ mi kò sì béèrè lọ́wọ́ mi kó tó kọjá sínú èyí tó mọ̀ jù, ìyẹn orin tí a fi ń ní kí àwọn ọmọ kó bèbí wọn sínú apẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan tó ṣeé ṣe kó ní ọmọ nílé pàtẹ́wọ́ tẹ̀ lé e.

Ushiroda gba igi náà lọ́wọ́ mi. "Ẹ má fi òkú ṣeré, Bàbá. Kò dáa."

Ọ̀rọ̀ kan ló kù tí mo lè sọ. Bí mo bá ní ìyá Masa wà láàyè ní Amagasaki, pé òun ló rán mi, wọn ì bá gbé mẹ́wàá fún mi lọ́wọ́ kan. Ṣùgbọ́n mo wo ojú wọn. Mo gbọ́ lórí ìlà pé àwọn kan nínú wọn ti ra tówẹ́ẹ̀lì tí onígìtá wa fi nu òógùn, wọ́n fi í sínú àpótí gíláàsì. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n á ti tò sẹ́nu ilẹ̀kùn Màmá Tsukuda pẹ̀lú òdòdó, wọ́n á máa béèrè bóyá báàgì ilé ìwé Masa ṣì wà, bóyá ìgò ọtí tó mu kẹ́yìn ṣì wà. Obìnrin tí ìwé pupa kan ṣoṣo fẹ́ẹ̀ pa. Mo pa ẹnu mi dé, mo sọ̀ kalẹ̀.

Mo jókòó sórí pèpéle tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn alátakoyaki. Mo fẹ́ sunkún, kí n má purọ́. Kí ni mo fẹ́ sọ fún màmá náà? Pé èmi tí mo wà nínú àwo náà, mi ò lè rà á? Bon ti sún mọ́lé. Ọmọ rẹ̀ á dé, á là ẹnu, kò ní sí ohùn.

Àwọn Ushiroda ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀. Ìyá ìyàwó rẹ̀ rí mi, ó dúró.

"Fún un ní ọ̀kan."

"Mọ́mì, ti ìwàásù nìkan ló kù."

"Ta lo tún fẹ́ wàásù fún tó ṣègbé ju eléyìí lọ? Ó ní òkú ò kú! Wo ojú rẹ̀, bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ gbàgbé sí ilé ìwé. Èmi ni mo dáhùn ìbéèrè, àwo tèmi ni. Fún un."

Ushiroda jókòó tì mí. Mo rí i pé ó ń dùn ún, kò sì fẹ́ kí n mọ̀.

"Bàbá, mo fẹ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ bó ṣe yẹ. Báwo ni onílù ṣe kú?"

Mo wo àwo náà lórí itan rẹ̀. Ọkùnrin oníìfun ń wò mí. Mo rántí Màmá lórí fóònù.

"Alùpùpù," mo ní. "Lórí afárá Mukogawa. Òjò ń rọ̀."

"Ọdún wo?"

"1994." Ẹnu mi kò sì dúró níbẹ̀. "Kò jẹ̀rora. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni."

Omi lé sójú Ushiroda. Ó dì mí lọ́wọ́ mú. "Ẹ ṣé. Ẹ ṣé gan-an. Ẹ rí i, láàárín àwa méjì, kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìlù lù. Ó máa ń sáré ju àwọn yòókù lọ. Ṣùgbọ́n kò yẹ kéèyàn sọ ọ́ nípa òkú."

"Ó gbìyànjú," mo ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọdé ni. Ẹ máa bá wa dé afárá lóṣù kọkànlá, ẹ gbọ́? Ẹ gbé kọfí dání."

Mo ṣèlérí. Ó gbé àwo náà lé mi lọ́wọ́, ó fi ìka kan ọ̀já pẹlẹbẹ tí wọ́n fi bébà ṣe mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ní ẹ̀mí ni ọ̀já yẹn, pé àwo tí kò ní ọ̀já dà bí òkú tí kò láṣọ, kí n má jẹ́ kí ohunkóhun ṣe é. Mo tẹrí ba fún un. Mo tẹrí ba fún ìyá ìyàwó rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ kejì ọdún Bon, lọ́sàn-án, mo gbé ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù ilé ẹ̀kọ́ wa lọ sílé Màmá Tsukuda. Ẹ̀rọ aláwọ̀ ọsàn ni, tí wọ́n lẹ àwòrán ehoro mọ́ lára. Màmá ti gé bàrà sínú abọ́, ó ti tan tùràrí, bíà Masa ń làágùn níwájú fọ́tò rẹ̀. Nínú fọ́tò náà, ẹnu Masa pa dé.

Màmá gba àwo náà, ó na ọwọ́ jìnnà kó lè rí i dáadáa.

"Pàǹtírí yìí náà ni."

"Òun náà ni, Mọ́mì."

"Táì rẹ̀ tiẹ̀ wọ́." Ó fa ọ̀já bébà yọ, ó ká a sí mẹ́rin, ó fi ti ẹsẹ̀ ìkòkò òdòdó tó ń mì lórí pẹpẹ. Mo di ojú mi, nítorí Ushiroda. Ó gbé àpò àwo náà ti fọ́tò Masa, ìfun síta, ó sì kúnlẹ̀ jókòó, ó tọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. "Ó yá. Jẹ́ kí n gbọ́ ọ."

Mo gbé abẹ́rẹ́ sí i. Èmi ni mo kọ́kọ́ wọlé, mò ń sáré, Ushiroda kò parọ́. Gìtá tẹ̀ lé mi. Lẹ́yìn náà ni Masa la ẹnu.

Ìró náà mi ife lórí tábìlì. Ológbò Màmá dìde, ó gba ojú fèrèsé jáde. Mo ń wo ilẹ̀ nítorí ìtìjú. Kí ni mo gbé wá fún ìyá arúgbó yìí? Ó ní òun fẹ́ gbọ́ ohùn ọmọ òun, mo gbé ẹranko tí wọ́n tẹ̀ nírù wá bá a. Nígbà tí orin àkọ́kọ́ fẹ́ẹ̀ parí, Màmá nàka sí ẹ̀rọ náà.

"Òun nìyẹn?"

"Òun ni, Mọ́mì."

"Kí ló ń sọ?"

"Mi ò mọ̀. Ẹ̀yìn ni mo jókòó sí."

Ó tún gbọ́ díẹ̀ sí i. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí, díẹ̀díẹ̀, gbogbo ojú rẹ̀ sì tú bí ìgbà tí èèyàn bá já ìdì.

"Ohùn yìí kẹ̀? Mo mọ ohùn yìí! Bó ṣe máa ń dá mi lóhùn láàárọ̀ nìyí, tí mo bá ń jí i fún ilé ìwé. Láti abẹ́ aṣọ ìbora. Báyìí gẹ́lẹ́! Ọdún méjìlá ni mo fi gbọ́ ọ lójoojúmọ́!" Ó yíjú sí mi. "Ìyẹn lẹ lọ tẹ̀ sínú àwo?"

Omi bọ́ lójú mi, mi ò sì lè dá a dúró. Màmá kò wo ọ̀dọ̀ mi mọ́. Ó ti fi orúnkún rìn dé iwájú pẹpẹ, ó ń fi ìka kan igi rẹ̀ gbà gbà gbà, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn yàrá.

"Masanori! Ilẹ̀ ti mọ́ o! Dìde!"

Masa bú mọ́ ọn láti inú ẹ̀rọ oníehoro.

"Mo ní kó o dìde! Oúnjẹ rẹ ti ń tutù!"

Ó tún bú mọ́ ọn. Màmá ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó ń kan pẹpẹ, wọ́n ń bára wọn jà bẹ́ẹ̀ títí ojú àwo náà fi parí, tí abẹ́rẹ́ ń ha níbi tí kò sí orin mọ́. Mo nawọ́ láti yí i sí ojú kejì. Ó gbá mi lọ́wọ́.

"Gbé e padà síbẹ̀rẹ̀," ó ní. "Kò tíì dìde."